Fọ́tò Orí Gíláàsì: Hill End, New South Wales, Ọsirélíà, 1872

Ẹ wo àwọn tó dúró gbagidi níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìdí wà fún un: ẹni tó bá mira nígbà náà, kùrukùru ni yóò jáde. Beaufoy Merlin àti Charles Bayliss ló ń ya wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ fọ́tò kí oògùn ara gíláàsì tó gbẹ.

Ilẹ̀ àwọn Wiradjuri nìyí. Wúrà tí wọ́n rí lágbègbè náà ní 1851 ló kọ́kọ́ fa èrò. Nígbà tó di 1872, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti tó nǹkan bíi 8,000. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n gbé àpáta kan jáde nínú kòtò ìwakùsà Star of Hope: kílò 286, wúrà inú rẹ̀ nìkan tó 93. Bernhardt Holtermann, ọmọ Jámánì tó ní ìpín níbẹ̀, náwó lórí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán yìí. (Fọ́tò olókìkí kan wà níbi tí Holtermann ti dúró ti àpáta náà. Fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò pọ̀ di ọ̀kan.)

Láàárín ọdún díẹ̀ wúrà tán, èrò túká. Inú ahéré ẹ̀yìnkùlé kan ní Chatswood, Sydney, ni wọ́n ti rí àwọn gíláàsì fọ́tò náà, bíi 3,500, ní 1951.