KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ OÚNJẸ TÍ À Ń RÀ NÍ MARKS GATE?

“Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.” Àwọn àgbà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò gbé yàrá kan ṣoṣo ní Marks Gate rí, kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ òru dé, kí owó gáàsì máa gorí ara wọn, kí ìwé tí wọn yóò kà lọ́la sì máa dúró dè wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wà ní irú ipò yìí, ìsọ̀ olóúnjẹ ni yóò yà sí. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á yẹ oúnjẹ náà wò lójú ewé yìí: kí ni wọ́n fi ń sè é, níbo ni èròjà rẹ̀ ti wá, kí ni ó sì yẹ kí ọmọ Ẹgbẹ́ wa bi ẹni tí ń tà á?

Fún ẹni tí kò bá mọ Marks Gate, òkè pátápátá ni ó wà ní agbègbè Barking àti Dagenham, ní ìhà àríwá títì ńlá A12. Bọ́ọ̀sì 62 láti Barking, ibẹ̀ ni òpin ìrìn rẹ̀. Chadwell Heath ni ó wà ní òdìkejì títì. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, ó ju ẹnìkan nínú márùn-ún lọ ní gbogbo agbègbè Barking àti Dagenham tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Abájọ tí òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fi ń bá ti ẹja díndín jà lójú ọ̀nà kan náà.

ẸJA DÍNDÍN ÀTI PÒTÉTÒ

Oúnjẹ yìí ni àwọn Òyìnbó fi ń yangàn, bẹ́ẹ̀ àlejò ni apá méjèèjì rẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni pòtétò ti wá. Àwọn Júù tí wọ́n sá kúrò ní Spéènì àti Pọ́túgà ni wọ́n mú àṣà kí á fi ìyẹ̀fun bo ẹja kí á sì dín in wọ ìlú London. Ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1865 ni Joseph Malin, tí òun náà jẹ́ Júù, ń ta méjèèjì pọ̀ ní ìlà-oòrùn London, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Mossley ní Lancashire kò gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba ń fi ìwọ̀n pín ẹran, ṣúgà àti bọ́tà fún ará ìlú, wọn kò fi ìwọ̀n sí ẹja díndín àti pòtétò rárá.

Agbègbè wa yìí gan-an ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ ẹja. Ní àárín ọ̀rúndún 19, Barking wà lára àwọn ibùdó ọkọ̀ ìpẹja tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé Hewett ni ó ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Short Blue Fleet. Bí òtútù bá mú kí omi orí pápá dì, wọn a kó yìnyín náà pamọ́ sínú ilé tí wọ́n kọ́ fún un, wọn a sì máa kó o sínú ọkọ̀ kí ẹja má baà rà lójú òkun. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ti etí òkun gbé ẹja wá sí London, àǹfààní Barking tán, àwọn Hewett sì kó iṣẹ́ wọn lọ sí ìhà Great Yarmouth.

Cod ni ẹja tí wọ́n sábà ń dín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyekan wa ni? Cod kan náà ni àwọn ará Norway ń pa ní Lofoten, tí wọ́n ń so rọ̀ sórí igi láti nǹkan bí oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún, láìfi iyọ̀ sí i, títí yóò fi le bí igi. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa nílé, ó di panla gbígbẹ, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi imú yínmú sí ẹja Òyìnbó, tí ó sì ń lá ọwọ́ lórí ẹ̀fọ́ rírò tí panla wà nínú rẹ̀, ẹja kan náà ni ó ń jẹ.

Ohun tí ó yẹ kí á béèrè ni òróró tí wọ́n fi dín in. Òróró ewéko ni púpọ̀ nínú wọn ń lò ní London. Ṣùgbọ́n ọ̀rá màlúù ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ń lò ní ìhà àríwá ilẹ̀ yìí, àwọn kan ń lo òróró ẹ̀pà, àwọn mìíràn sì ń fi bíà pò ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bo ẹja. Mùsùlùmí tí ó bá rò pé ẹja kò ní èèwọ̀ nínú, kí ó kọ́kọ́ béèrè.

ÌRẸSÌ, KỌ́RÌ ÀTI AJINOMOTO

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ike jọ̀lọ́ọ̀fù wò. Orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ní Senegal àti Gáḿbíà wá. Tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo, Amẹ́ríkà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀ wá kí wọ́n tó di ti wa. Rodo yìí ni ìyá kan náà bí pẹ̀lú ata tí àwọn ará Jàmáíkà ń gún sára adìẹ wọn. Kọ́rì inú agolo ńkọ́? Àwọn oníṣòwò Òyìnbó ni wọ́n lọ àwọn èròjà Íńdíà pọ̀ fún ìrọ̀rùn ara wọn, tí wọ́n sì tà á kiri gbogbo ibi tí àsíá wọn dé, títí tí ó fi di ara ọbẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń se oúnjẹ tí a ń pè ní ti Íńdíà ní ilẹ̀ yìí, láti Sylhet ní Bangladesh ni wọ́n ti wá. Ajinomoto tí ó wà nínú oúnjẹ àwọn Ṣáínà, tí ó sì ti wà ní ilé ìdáná àwọn ìyá wa tipẹ́, ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ni ó rí ọ̀nà àti ṣe é ní ọdún 1908.

Kò sí oúnjẹ tí kò rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n bí èròjà bá ti rìn jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro tó láti fi ojú lásán mọ ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀.

OÚNJẸ ẸNÌKAN, MÁJÈLÉ ẸLÒMÍRÀN

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ara àwọn kan kì í gba ẹ̀pà, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ọkùnrin kan ní North Yorkshire ra oúnjẹ kọ́rì, ó sì sọ fún wọn pé òun kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà. Wọ́n kọ ọ́ sára ike oúnjẹ náà pé kò sí i nínú rẹ̀. Onílé oúnjẹ ti fi lúlú tí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ rọ́pò lúlú almond nítorí pé ó dín owó kù. Ọkùnrin náà kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ilé ẹjọ́ rán onílé oúnjẹ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6. Ní ọdún 2016 kan náà ni Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15, kú lẹ́yìn tí ó jẹ búrẹ́dì tí yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀, tí a kò sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọdún 2021: oúnjẹ tí ìsọ̀ bá ti dì sílẹ̀ de oníbàárà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ gbogbo èròjà rẹ̀ sára rẹ̀.

Èròjà 14 ni òfin ní kí olóúnjẹ lè sọ fún oníbàárà. Ẹ wo bí wọ́n ti pọ̀ tó nínú oúnjẹ tiwa. Kúlíkúlí inú ata sùyà, ẹ̀pà ni. Edé tí a fi se ẹ̀gúsí wà lára wọn, ìgbín náà wà níbẹ̀. Irú tí àwọn kan fi sóyà ṣe dípò igbá, sóyà ni. Sẹ̀mó tí a fi àlìkámà ṣe wà níbẹ̀, ẹyin inú mọ́ínmọ́ín náà kò gbẹ́yìn.

Nílé, bí ènìyàn bá bi olóúnjẹ léèrè pé, “Màmá, kí ni ẹ fi se é?” ó lè dà bí ẹni pé ó ń fura sí i. Ẹ jẹ́ kí á fi ìtìjú yẹn sílẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Bí ẹnu ẹnìkan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí èémí rẹ̀ ń dí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní epo pupa mu. Nọ́ńbà 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.

FÚN ÀWỌN TÍ WỌ́N FẸ́ TÀ

A mọ̀ pé àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ wa kan mọ ọbẹ̀ sè, tí àwọn ọ̀rẹ́ sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa tà á. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù ó kéré tán ní ọjọ́ 28 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í kọ̀ fún ẹni tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá yẹ ilé ìdáná wò, wọn yóò sì fún un ní máàkì láti 0 dé 5.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà níhìn-ín pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ wa yékéyéké: físà yẹn kò fi àyè gba kí ènìyàn dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ kúlà ìrẹsì kan lópin ọ̀sẹ̀. Owó ilé ìwé tí àwọn òbí ta ilẹ̀ láti san kò yẹ kí ó bá abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù lọ. Ẹ lè sè é fún àríyá Ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwa yóò sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Ṣùgbọ́n kí a tó jẹ ẹ́, a óò béèrè ohun tí ẹ fi sè é. Ẹ má bínú sí wa o.