Àfàlá, Ìyá Àgbà tí Ó Kó Ìdílé Rẹ̀ Jọ

Ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n ní Owódé Ẹ̀gbá, àti ní gbogbo ìletò tí ó wà láàrin ibẹ̀ àti Abẹ́òkúta, ta ni nínú yín tí ìyá àgbà kò kì rí nígbà tí ó wà lọ́mọdé? Baba sọ wá lórúkọ, ìyá fún wa lọ́mú; ṣùgbọ́n ẹnu ìyá àgbà ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹni tí a jẹ́. Nítorí náà ni ó fi wù wá láti rán yín létí ìyá àgbà kan tí ìtàn rẹ̀ kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá gidigidi.

Àfàlá ni orúkọ rẹ̀, aya Ayẹ̀mí, ará Òṣogùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821 ni ogun dé bá ìlú náà. Ayẹ̀mí sáré wá fún aya àti ọmọ ní àmì pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ogun mìíràn ni ó pa á níkẹyìn. Wọ́n mú Àfàlá pẹ̀lú Àjàyí ọmọkùnrin rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, àti ìbátan wọn kan. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹní so ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹní pín ẹrù: Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ olóyè kan, Àfàlá àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá àgbà Àjàyí pẹ̀lú kò ṣàì bá ìpọ́njú náà lọ. Oko ẹrú ni ó kú sí.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń ta Àjàyí títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, tí orúkọ rẹ̀ di Samuel Crowther. Ní ọdún 1843 ó di àlùfáà.

Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìlú náà kò ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, òun àti ọmọkùnrin kan. Àfàlá ni! Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn lójú ìyá, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà máa ń pè é nílé kí ogun tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Àjàyí kì í ṣe orúkọ ẹnìkan ṣoṣo. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Crowther sì ni ilẹ̀ àjòjì fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ ìkẹ́ wọ̀nyí, agbo ilé kan ṣoṣo ni ó mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè wọ́n ti kú sóko ẹrú, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ wà láàyè lẹ́nu Àfàlá fún ọdún 25.

Àfàlá kò sì jókòó lásán ní gbogbo ìgbà náà. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Abàkà, nítòsí Abẹ́òkúta, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìdílé tí ogun fọ́ ká, ìyá àgbà ni ó ń ṣà á jọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ó ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ojú rẹ̀ rí i tí ọmọ rẹ̀ di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ọdún náà gan-an ni a bí Herbert Macaulay, tí í ṣe ọmọ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu: Èkó ni Àfàlá kú sí ní ọdún 1883, ó sì ti tó ẹni ọdún 97.

Lónìí, ogun kọ́ ni ó ń tú agbo ilé wa ká. Iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ni, tí ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí Èkó àti sí òkè òkun. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ìtàn ilé mọ́, kí ni a ó wò? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìyá àgbà yín ṣì wà láàyè, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ìyá tí ó bí wọn, ìlú tí ó ti wá, àti bí ó ti máa ń kì wọ́n. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Crowther kọ ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyí tí a fi mọ Àfàlá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orúkọ ilé wa parun. Àmín.