Nǹkan Oṣù Tó Dá, Ikùn Tó Ń Tóbi àti Oògùn Estrogen

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ èyí tí àwọn ìyá wa máa ń sọ ní bòókẹ́lẹ́. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà gbọ́ pé ara ìyá òun ń gbóná lóru, ikùn rẹ̀ sì ń tóbi. Ó ra oògùn estrogen, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ìfẹ́ ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ó yẹ kí òye bá ìfẹ́ rìn.

Bí obìnrin bá pé oṣù méjìlá gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún tàbí àìsàn ló fà á, nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá nìyẹn. Láàrin ọdún 45 sí 55 ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ilé ẹyin ló parí iṣẹ́ rẹ̀, tí kò pèsè omi ara tí à ń pè ní estrogen tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Nígbà tí àwọn oníwàádìí bi àwọn obìnrin 1,189 léèrè ní Ìbàdàn, nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, ìrora oríkèé àti ẹran ara ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dárúkọ, kì í ṣe ooru tó ń gùn lójijì.

Ní ti ikùn, ìgbàgbọ́ kan wà láàrin wa pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ló ń kó jọ, tàbí pé bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ń bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀, inú rẹ̀ yóò wú. Ìgbàgbọ́ yìí ti tú tọkọtaya ká lórí ibùsùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ọmọ kò pèsè ẹ̀jẹ̀ oṣù mọ́, nítorí náà kò sí ohun tí yóò kó jọ. Ọjọ́ orí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú sísanra náà: ẹran ara ń dín kù, agbára tí ara ń ná lójúmọ́ ń dín kù, òkèlè nìkan ni kò dín kù. Àìtó estrogen wá ń mú kí ọ̀rá kúrò ní ìdí àti itan, kí ó máa kó sí ikùn, níbi tó ti ń bá àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn rìn.

Kí ni oògùn estrogen lè ṣe? Kò sí oògùn tó borí rẹ̀ fún ooru tó ń gùn lójijì, ó sì ń dáàbò bo egungun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí ń sọ ẹni tó sanra di tẹ́ẹ́rẹ́. Obìnrin tó ṣì ní ilé ọmọ kò gbọ́dọ̀ máa gbé e mì, tàbí kí ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, láìfi oògùn progesterone kún un, nítorí ó ti hàn láti ọdún 1975 pé estrogen nìkan lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ.

Ní ọdún 2002, a dá apá kan ìwádìí ńlá dúró ní Amẹ́ríkà, tí àwọn obìnrin 16,608 wà nínú rẹ̀. Nínú 10,000 tó lo oògùn méjèèjì pọ̀, jẹjẹrẹ ọmú mú 38 lọ́dọọdún. Nínú àwọn tí kò lò ó, ó mú 30. Rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i, egungun ìbàdí tó ń ṣẹ́ sì dín kù. Ìbẹ̀rù gba ayé kan. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ ọdún 63. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dá ju ọdún mẹ́wàá lọ, tí ooru náà sì ń yọ lẹ́nu, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Kò yẹ fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tó le.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, nítorí irú omi ara yìí wà nínú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Póòpù Paulu Kẹfà ti kọ ọ́ sínú Humanae Vitae ní ọdún 1968 pé Ìjọ kò lòdì sí ìwòsàn tí àìlera ara nílò. Kí ọkàn ìyá balẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, owó dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, kí a sì bi í léèrè àìsàn tó ti ṣe é rí. Kí ó dín òkèlè kù, kí ó fi ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ikùn bá le tàbí tó wú kíákíá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn ọdún kan tí nǹkan oṣù ti dá, kí ó má ṣe rò pé èwe ló padà dé. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.