Ṣé O Mọ̀ Pé Fisiọ́lọ́jì Kì í Sọni Di Dókítà?

Ṣé o mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka Fisiọ́lọ́jì, ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì Nàìjíríà, àti pé ẹni tó bá parí rẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ láti tọ́jú aláìsàn? BSc ló gbà, bíi ti ẹni tó ka Kẹ́mísírì. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí títí ọmọ fi wọ ọdún kẹta. Wọ́n rí "College of Medicine" lórí lẹ́tà ìgbaniwọlé, inú wọn dùn, wọ́n ti ń pe ọmọ ní dókítà láàárín ẹbí. Ó dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀, nítorí ìbéèrè kan péré ni ì bá ti là wọ́n lójú.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà Patọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àìsàn, tún jìn ju ìyẹn lọ? Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà patọ́lọ́jì lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn fún ọdún mẹ́fà, kó ṣe háúsíjọ́ọ̀bù ọdún kan, kó sin ìlú, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe lábẹ́ National Postgraduate Medical College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, tàbí lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀ ni yóò ti yan ẹ̀ka tirẹ̀: ti ẹran ara, ti kẹ́míkà inú ara, ti ẹ̀jẹ̀, tàbí ti kòkòrò àìfojúrí.

Ọ̀nà kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì yà mí lẹ́nu pé díẹ̀ làwọn tó ń sọ ọ́ fún ọmọ. Medical Laboratory Science ni. Ọdún márùn-ún ni. Ẹni tó bá parí rẹ̀ máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ó sì lè wọ láàbù ilé ìwòsàn lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yíyẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wò ló ń wù ọ́, tí kì í ṣe kíkọ oògùn fún aláìsàn, kọ́ọ̀sì tìrẹ nìyẹn.

Ṣé o mọ ibi tí Fisiọ́lọ́jì àti Patọ́lọ́jì ti pàdé? Wo àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Fisiọ́lọ́jì ló ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ káàkiri ara. Patọ́lọ́jì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí a fi ń rí i pé ó ti tẹ̀ bíi dòjé, tó sì ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ọ̀kan ń bèèrè bí ara tó le ṣe ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń bèèrè ohun tó bàjẹ́ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdánwò àwọn ọmọ ìṣègùn, Fisiọ́lọ́jì wà nínú Part One, Patọ́lọ́jì sì wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí kò bá mọ ara tó le kò lè dá èyí tó ń ṣàìsàn mọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé yunifásítì kan ní Ítálì lọ́wọ́ ńlá nínú ìmọ̀ méjèèjì? Padua ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1222. William Harvey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gboyè níbẹ̀ ní 1602. Òun ló wá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1628 pé ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ yí ara ká. Giovanni Battista Morgagni fi èyí tó ju àádọ́ta ọdún lọ kọ́ni ní Padua yẹn náà, ó sì ti pé ọmọ ọdún 79 nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1761, tó fi ohun tó rí nínú òkú tó lé ní 600 ṣàlàyé pé àìsàn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó fìdí sí nínú ara. Kí ló gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè dé Padua? Ní 1595, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan síbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi lè dúró yí òkú ká, kí kálukú lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò nìyẹn, òun náà ló sì yẹ kí ìwọ wá.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibi tí a ó ti kàwé yìí ti pẹ́ láàárín Yorùbá? Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, ní láti lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh kó tó di dókítà ní nǹkan bíi 1880 sí 1890, torí kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nílé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá tiwọn sílẹ̀ ní Yábàá ní 1930, igbákejì dókítà ni wọ́n ń fi àwọn tó jáde níbẹ̀ ṣe. Ìwé ẹ̀rí wọn kò níyì tó ti àwọn tó lọ òkè òkun, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. University College Ìbàdàn dé ní 1948, Fisiọ́lọ́jì sì bá a dé. Ṣùgbọ́n UCH, ilé ìwòsàn rẹ̀, kò ṣí ilẹ̀kùn títí di 1957, nítorí náà àwọn ọmọ ìṣègùn àkọ́kọ́ kọ́ nípa ara tó le n'Ìbàdàn, wọ́n sì wọkọ̀ lọ Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ nípa aláìsàn. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni Ìbàdàn fi ń fún ọmọ títí di 1962.

Títí dòní, ibi tí nǹkan wà nínú ọgbà ṣì ṣe pàtàkì. N'Ìbàdàn, ọgbà UI gan-an ni Fisiọ́lọ́jì wà, Patọ́lọ́jì sì wà ní UCH, ìrìn ọkọ̀ sì wà láàárín wọn. Ní UNILAG, Ìdí-Àràbà ni méjèèjì wà, nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú LUTH, ilé ìwòsàn rẹ̀. Ìbàdàn ní ohun mìíràn tí ó fi ń fà mí: láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o sì mọ̀ pé nígbà tí àgbáyé fẹ́ ya àwòrán àbùdá ènìyàn nínú iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ẹ̀jẹ̀ 90 ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà n'Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n lò? Ní 2008, wọ́n tẹ àbùdá ọkùnrin Yorùbá kan lára wọn jáde lódindi. Tó o bá dé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, béèrè ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́ọ̀sì ni NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ń fọwọ́ sí, kì í ṣe orúkọ yunifásítì? Ìfọwọ́sí kíkún jẹ́ ti ọdún márùn-ún. Ìfọwọ́sí onígbà díẹ̀ jẹ́ ti ọdún méjì. Èyí tí wọ́n bá kọ̀ kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun. Yunifásítì tó gbajúmọ̀ lè ní kọ́ọ̀sì kan tí ìfọwọ́sí rẹ̀ kò kún, kí èyí tí kò lórúkọ sì ní kíkún. Fún Ìṣègùn, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, tún ní tirẹ̀, ó sì ń pinnu iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Wọ́n sì máa ń ti àwọn tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò Ìṣègùn sí Fisiọ́lọ́jì ní ọ̀pọ̀ ibi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn fojú tín-ín-rín kọ́ọ̀sì náà.

Tó o bá lọ ṣàbẹ̀wò, má dúró ní ọ́fíìsì. Ní kí wọ́n mú ọ dé láàbù. Ní ti Patọ́lọ́jì, béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe síláìdì fúnra rẹ̀: kí ẹran ara wọ fọ́málínì, kó gba inú ọtí olóró kọjá kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, kí wọ́n rì í sínú ìda gbígbóná, kí ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, kó sì wọnú aró. Aró yẹn, hematoxylin, ara igi kan ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òun ló ń sọ ààrin sẹ́ẹ̀lì di búlúù, tí eosin sì ń pa ìyókù láró pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní ti Fisiọ́lọ́jì, béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pín ẹ̀rọ kan lò, àti bóyá iná ń wà nígbà tí wọ́n bá ń wọn ìlù ọkàn. Ẹni tó wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé nìkan kò tíì kọ́ ọ.

Ìwọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tìrẹ rèé: "biomedical scientist" jẹ́ orúkọ tí òfin dáàbò bò. Àjọ HCPC ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo oyè tó ń jẹ́ Biomedical Science ni IBMS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà, fọwọ́ sí. Oyè tí wọn kò fọwọ́ sí lè gba pé kó o tún lọ ka àfikún.

Lórí owó, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, àmọ́ owó mìíràn wà tó ń wọlé lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba, NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 kò sì kan àwọn yunifásítì aládàáni.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kó o di mú jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni JAMB ń béèrè fún Fisiọ́lọ́jì, fún Medical Laboratory Science, àti fún Ìṣègùn. Ìdánwò kan náà ló ṣí ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, jọ̀wọ́, lọ bá ẹni tó ti jáde nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, kó o tó kọ orúkọ èyíkéyìí sórí fọ́ọ̀mù.