Orin Wo Ni Ó Yẹ Ìgbéyàwó Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì?

Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti ń súnmọ́ ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, aṣọ ẹbí ni a kọ́kọ́ ń gbé yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà oúnjẹ, lẹ́yìn náà àwọn onílù tí yóò ṣeré ní gbàgede. Ìgbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹnìkan yóò tó rántí pé orin mìíràn tún wà láti yàn, èyí tí a ó fi dùùrù kọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ wa tí ń bọ̀ láti Èkó tàbí láti òkè òkun a mú orúkọ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá nínú fóònù wọn, wọn a fi lé atẹdùùrù lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, wọn a sì ní kí ó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lé lórí.

Orin méjì ni ó gba iwájú ní gbogbo ayé. Èyí tí ó lọ́ra, tí ìyàwó fi ń wọlé, Richard Wagner ará Jámánì ni ó ṣe é. Ó wà nínú eré olórin kan tí a ń pè ní Lohengrin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Weimar ní 1850. Èyí tí a fi ń jáde, tí ó ń dún bí ìgbà tí ọba bá yọ, Felix Mendelssohn, ará Jámánì bákan náà, ni ó ṣe é ní 1842 fún eré Shakespeare kan. Kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ni a ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí ó gbé wọn níyì ni pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, 1858, nígbà tí àkọ́bí Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ń jẹ́ Victoria bí ìyá rẹ̀, fẹ́ ọmọ aládé Prussia ní ilé ìjọsìn ààfin St. James's ní Lọ́ńdọ̀nù, orin méjèèjì ni wọ́n lò. Ohun tí ọmọ ọba bá sì ti ṣe, ọmọ ọlọ́jà pẹ̀lú yóò fẹ́ ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn òbí mọ ìtàn tí ó wà nínú Lohengrin. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Elsa pé ó pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Jagunjagun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí dé nínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹyẹ ńlá kan ń fà, ó gbèjà rẹ̀, ó sì ní òun yóò fẹ́ ẹ, bí kò bá ní bèèrè orúkọ òun àti ibi tí òun ti wá láéláé. Àwa Yorùbá tí a ń rán alárinà, tí a ń wádìí ilé ọkọ títí dé orí àrùn àti gbèsè, a ó ti mọ̀ pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Ní òru ìgbéyàwó náà ni Elsa bèèrè. Ọkọ sọ orúkọ rẹ̀ ní gbangba, ó bá tirẹ̀ lọ, ìyàwó ṣubú lulẹ̀, ó kú. Orin tí a ń wí yìí ni wọ́n sì kọ nígbà tí wọ́n ń sin àwọn méjèèjì lọ sí iyàrá ìbùsùn, lẹ́yìn tí ètò ṣọ́ọ̀ṣì ti parí. Orin ẹnu ọ̀nà iyàrá ni a wá ń kọ ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run! Àwọn ìjọ Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbà á láàyè. Àwa kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tí ó fi í wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti darúgbó pọ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá, a ó ní kí ẹ yan òmíràn. Ní ti Mendelssohn, a kò bá a jà: nínú eré tirẹ̀, ìgbéyàwó tí ó yọrí sí rere ni ó fi orin náà yẹ́ sí.

Òmíràn kò wọ́n. Jeremiah Clarke, atẹdùùrù St. Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe orin kan fún ọmọ ọba Denmark ní nǹkan bí 1700, èyí tí wọ́n fi sọrí Purcell fún ìgbà pípẹ́; òun ni Diana fi wọlé ní 1981. Ó rọrùn fún ọwọ́ tí kò tíì gbó, ó sì dára lórí dùùrù kékeré. (Clarke fúnra rẹ̀ yìnbọn pa ara rẹ̀ ní 1707, wọ́n ní nítorí ìfẹ́ ni. Bí a bá ní kí á máa tọ ìgbésí ayé àwọn olórin, kò ní sí orin tí yóò kù fún wa.) Handel ṣe orin ìwọlé Ọbabìnrin Ṣébà, tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1749. Ó wu àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n ó yára, ó ń fẹ́ ọwọ́ tí ó mọ́. Àwọn àgbà tí ó mọ Bíbélì yóò sì rántí pé Ọbabìnrin náà padà sí ilé ara rẹ̀. Fún àkókò tí tọkọtaya ń fọwọ́ sí ìwé, tí ìjọ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ó tu ọkàn lára tó ti Bach, èyí tí ó wà nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti 1723 ní Leipzig, tí a ń fi orúkọ Jésù àti ayọ̀ pè. Toccata ti Widor ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní dùùrù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá ni pé orúkọ àwọn tiwa kì í sí nínú ìwé tí àwọn ọmọ ń mú wá. T. K. E. Phillips, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music, tẹ dùùrù ní Kátídírà Èkó láti 1914 títí di 1962. Fela Sowande, tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní ọmọdé, di ọ̀gá atẹdùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù; Oyígíyigì àti Ọbáńgíjì rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1950, orin dùùrù gidi ni wọ́n, ohùn Yorùbá sì ni ìpìlẹ̀ wọn. Kí ni ó dé tí ìyàwó Ìsẹ̀ kò lè fi wọ́n jáde?

Phillips kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń kọ ọ̀rọ̀ tiwa sí ohùn Òyìnbó, tí ohùn náà sì gòkè níbi tí kò yẹ, ọkọ yóò di ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, yóò di ọkọ̀ tí ń lọ sí Adó. Nítorí náà, kí a dán orin wò ní ẹnu kí a tó fi lé akọrin lọ́wọ́.

Àwọn ará Ìkéré kò ní gbàgbé pé ní 1924 ni a gbé ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà lọ sí àpéwò Wembley, èyí tí ó ya àwòrán òyìnbó tí wọ́n gbé rù wá kí Ọba sí lára. British Museum gbà á, wọ́n sì ṣe ìtẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ọba ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ìtẹ́ dára. Ìlẹ̀kùn náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù di òní.

Ní ti ètò gan-an, ẹ lọ bá àlùfáà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni, nítorí òun ni ó ni àṣẹ lórí ohun tí a ń kọ níwájú pẹpẹ. Ẹ fún atẹdùùrù ní oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ sì fi ìwé orin fún un, kì í ṣe orúkọ orin lásán. Ẹ san owó rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó ń kó owó fún onílù gbàgede láìjanpata, tí ó wá ń ná atẹdùùrù bí ẹni ń ná ata, kò ṣe dáadáa. Àwọn kan ní àwọn yóò fi fóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe é. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé aṣọ ìyàwó há mọ́ àga, bẹ́ẹ̀ ni iná mọ̀nàmọ́ná kì í gba ìwé ìpè. Atẹdùùrù tí ó ní ojú yóò tún ẹsẹ̀ orin kan tẹ̀ títí baba yóò fi mú ọmọ rẹ̀ dé iwájú. Kí ẹ sì wọn ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀ṣì yín: èyí tí ó tó St. Paul's kò sí ní Èmùré, orin ìṣẹ́jú márùn-ún yóò kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó ti dé.

Òfin ìgbéyàwó ní kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ẹni tí ń kọjá lọ sí ọjà yóò gbọ́ ohun tí ẹ bá yàn. Kí atẹdùùrù sì gbé ọwọ́ kúrò nígbà tí tọkọtaya bá ti dé ẹnu ọ̀nà, nítorí àwọn ìyá tí ń dúró lóde pẹ̀lú àlámọ̀ kì í dúró de Mendelssohn kí ó parí.