Ìrìn-àjò Síkì sí Òkè Alps: Ìlera Ni Ẹrù Àkọ́kọ́ Tí Ó Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Dì

Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin ni yìnyín máa ń bo àwọn òkè Alps tí ó la ilẹ̀ Faransé, Síwísálàńdì, Ítálì àti Ọ́stríà já. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ síbẹ̀ láti ṣe eré síkì, èyíinì ni kí ènìyàn so pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, kí ó sì máa yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Eré náà kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan fi síkì ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní ìlú Beijing. Àwọn ìdílé Yorùbá tí ó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, àwọn mìíràn sì ń ti Nàìjíríà lọ.

Bí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ilé ìtura àti ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ni ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo wọn: kí olúkúlùkù mọ̀ bóyá AA, AS, SC tàbí SS ni ẹ̀jẹ̀ òun. Ìlú tí ó yẹ kí ènìyàn sùn sí lórí òkè, àti bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ó lọ, wà lọ́wọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Gíga òkè àti irú ẹ̀jẹ̀

Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni atẹ́gùn ń fẹ́lẹ́ sí i, tí ọ́síjìn tí ó ń mí sínú sì ń dín kù. Ìlú Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ìlú Jos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ìlú orí òkè, ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Ṣùgbọ́n Val Thorens ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn onísíkì ń sùn, ga tó 2,300 mítà. Ọ́síjìn tí ènìyàn ń rí mí níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti Èkó lọ. Ọkọ̀ tí ó ń gba orí okùn irin tún wà ní ìlú Chamonix. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń gbé ènìyàn láti 1,035 mítà gun Aiguille du Midi, òkè tí ó ga tó 3,842 mítà.

Ní ara ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, àìtó ọ́síjìn máa ń mú kí àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, kí wọ́n sì dí ojú ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Òtútù lè fa irú ìdààmú yìí, àìtó omi lára sì lè fà á pẹ̀lú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pàdé lórí òkè Alps, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, òtútù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rántí omi mu. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó jẹ́ SS pé kí ó yẹra fún àwọn ibi gíga.

Ẹni tí ó jẹ́ SC náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín àwọn Yorùbá ni irú ẹ̀jẹ̀ yìí ti wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣàìsàn lemọ́lemọ́ bí ẹni tí ó jẹ́ SS, èyí sì lè mú kí wọ́n rò pé kò sí ewu. Òkè gíga lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dí mọ́ ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó sì bà á jẹ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó jẹ́ SS tàbí SC bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó san kọ́bọ̀ lórí ìrìn-àjò náà.

Ní ti ẹni tí ó jẹ́ AS, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni irú ẹ̀jẹ̀ yìí wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lè ṣe síkì láìsí wàhálà. Àmọ́, bí ibẹ̀ bá ti ga ju 2,500 mítà lọ, tí ènìyàn sì ń lo agbára, irú ìpalára kan náà lè ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Àmì rẹ̀ ni ìrora gógó lábẹ́ ìhà òsì, èébì sì lè bá a rìn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ fún dókítà pé AS ni òun, nítorí pé dókítà tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí lè rò pé inú rírun lásán ni.

Yíyan ibi tí ènìyàn yóò sùn

Kì í ṣe gbogbo ìlú síkì ni ó ga bákan náà. Kitzbühel ní Ọ́stríà kò ju 762 mítà lọ. Zermatt ní Síwísálàńdì ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò fẹ́ ibi gíga lè yan ìlú tí ó rẹlẹ̀, kí ó sì máa ṣe eré rẹ̀ ní àyíká ibẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA pàápàá lè ṣàìsàn òkè. Orí fífọ́, èébì, òòyì àti àìrí oorun sùn ni àmì rẹ̀, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan tí ènìyàn bá gòkè. Ó dára kí ẹni tí ó ti Èkó bọ̀ sun oorun alẹ́ àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀, bí àpẹẹrẹ ní Geneva, kí ó tó gòkè. Bí àmì wọ̀nyí bá yọjú, kí ó má ṣe gòkè sí i. Bí ènìyàn bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, tàbí tí ó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, sísọ̀kalẹ̀ kíákíá ni ìtọ́jú.

Ibà tí ó bá ènìyàn lọ

Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ ní Nàìjíríà lè gbé ibà dé orí yìnyín láìmọ̀, nítorí pé ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù kan kí àìsàn náà tó farahàn. Ara gbígbóná, orí fífọ́ àti òtútù rẹ̀ jọ ọ̀fìnkìn líle, ó sì tún jọ àìsàn òkè. Kí arìnrìn-àjò tí ara rẹ̀ bá gbóná sọ kedere pé Nàìjíríà ni òun ti dé, kí ó sì béèrè fún àyẹ̀wò ibà. Ìdádúró ọjọ́ kan tàbí méjì lè gba ẹ̀mí, pàápàá ẹ̀mí ọmọdé.

Òtútù, oòrùn àti egungun

Ìwádìí lórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé òtútù tètè ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn adúláwọ̀ lára ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí ìka bá kú tipiri, kí ènìyàn wọ inú ilé, kí ó sì kì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ fi yìnyín ra á, kò sì gbọdọ̀ yá a níná.

Dúdú awọ ara kì í dáàbò bo ẹyinjú. Yìnyín tuntun lè dá tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìtànṣán oòrùn tí ó ń jóni padà sókè, èyí tí ó lè mú kí ojú máa ta gidigidi. Awò ojú tó nípọn kì í ṣe fún oge.

Orúnkún ni ó máa ń farapa jù nínú eré síkì. Ìdè tí ó so bàtà mọ́ pátákó ni a ṣe kí ó lè tú bí ènìyàn bá ṣubú, ìwọ̀n ara ẹni sì ni wọ́n fi ń dì í. Nítorí náà, ẹni tí ó bá parọ́ nípa bí òun ṣe tẹ̀wọ̀n tó ní ilé ìtajà ń fi orúnkún ara rẹ̀ tafà. Kí ẹni tí kò ṣe é rí gba olùkọ́, kí ó sì dé àkoto. Ní Ítálì, òfin ti sọ àkoto di dandan fún tọmọdé tàgbà láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025.

Ìwé adójútòfò

Ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Schengen gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 Yúrò. Ó kéré tán, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn-àjò ni kí ó ti béèrè fún ìwé àṣẹ náà. Àmọ́, ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ni kò ka eré síkì mọ́ ohun tí yóò sanwó lé lórí. Káàdì ìlera GHIC tí àwọn olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò kì í sanwó fún gbígbani là lórí òkè. Ó yẹ kí ènìyàn ka ìwé náà dáadáa bóyá ó dárúkọ eré ìgbà òtútù, hẹlikọ́pítà àti gbígbé aláìsàn padà sílé, kí ó sì sọ òtítọ́ nípa àìsàn tí ó ní tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó bí ó bá fi í pamọ́.

Kí oògùn wà nínú àpò tí arìnrìn-àjò gbé lọ́wọ́ wọ bàálù, kí ìwé dókítà sì bá a lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ oògùn ìrora líle. Kí ó sì há nọ́ńbà 112 sórí, òun ni wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wọ́n tó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kò sì gba àkókò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ti mọ ara rẹ̀ nílé ni yóò mọ ibi tí òkè ti tó fún un.