Akíntọ́lá: Àlejò Tó Ń Gba Oko Mọ́ Onílé Lọ́wọ́

Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà oko ní Ilua, l'Ókè-Ògùn, nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí igbó kan tó yọ òdòdó funfun, tó ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Ó dùn-ún wò! Ẹ bi àgbẹ̀ léèrè, á ní: "Akíntọ́lá nìyẹn." Níbòmíì, ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Chromolaena odorata.

Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1937 ni èso rẹ̀ bá èso igi Gmelina wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka, lápá Enugu, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ wo ewé rẹ̀: iṣan mẹ́ta ló yà látìdí, bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ẹ rún un lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á gba imú yín. Imí-eṣú jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ ìyẹn kúrú, ó sì rọ̀. Akíntọ́lá lè ga ju èèyàn lọ. Ní ti jogbo, òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè ló ní.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ó máa ń bo koríko tí màlúù ń jẹ mọ́lẹ̀. Tata máa ń kóra jọ sórí rẹ̀, wọ́n á jẹ òdòdó rẹ̀, wọ́n á sì tún bọ́ sórí ẹ̀gẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi rẹ̀ tó ti gbẹ máa ń mú iná le sí i. Iná á pa àwọn igi kéékèèké, àmọ́ Akíntọ́lá á tún rú látìdí.

Lóòótọ́, ó ní oore tirẹ̀. Omi ewé rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́, ewé rẹ̀ tó bá sì jẹrà ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ kan ò fi kórìíra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo lè so èso tó lé ní 80,000, gbogbo wọn ní irun bí òwú, atẹ́gùn á sì gbé wọn lọ. Torí náà, ẹ má dúró dìgbà tí òdòdó bá di òwú. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó tanná. Ẹni tó bá kàn bẹ́ ẹ lórí, á tún padà wá bẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀.